Olórin yẹn gan-an ò ya iṣẹ́ ẹ̀ sọ́tọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn yìí. Mo ka ohun tí ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé yín kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibi tó ti ní tí olórin bá bá ọmọdé ṣe ìṣekúṣe, kí á fi òun alára sílẹ̀ fún ọlọ́pàá àti adájọ́, kí àwa máa gbọ́ orin wa lọ, torí orin ò fọwọ́ kan ọmọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gbọ́, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó kà á á ti máa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ò gbà. Kì í ṣe pé mo ní kí wọ́n lọ kó àwo gbogbo olórin tí wọ́n bá ti fẹ̀sùn kàn jọ kí wọ́n dáná sun ún o, ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Iṣẹ́ DJ ni mò ń ṣe, ìgbéyàwó ni o, ọjọ́ ìbí ni o, ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ni o, gbogbo ẹ̀ ni mò ń lọ, torí náà ọ̀rọ̀ orin wo la máa gbé sí i, orin wo la ò ní gbé sí i, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni, kì í ṣe àríyànjiyàn orí ìwé lásán.

Ẹ jẹ́ ká mú R. Kelly, olórin ará Amẹ́ríkà yẹn, torí pé tiẹ̀ ni kọ́ọ̀tù ti parí, kò sí "wọ́n ní, wọ́n ní" níbẹ̀ mọ́. Lọ́dún 1994 ó gbé Aaliyah, ọmọbìnrin tó ń kọrin, níyàwó. Ọmọ ọdún 15 ni ọmọ yẹn nígbà náà, òun sì ti pé ọmọ ọdún 27. Nínú ìwé ìgbéyàwó, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ọdún 18 ni ìyàwó. Nígbà tí ẹjọ́ dé Brooklyn ní New York lọ́dún 2021, ara ohun tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé wọ́n fún òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kó lè ṣe káàdì ìdánimọ̀ ayédèrú fún ọmọ náà, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń ṣètò ìrìn àjò ẹ̀ tó bá fẹ́ lọ kọrin ló sì bọ́ síwájú kọ́ọ̀tù tó jẹ́rìí pé òun lòun fún un lówó. Ọdún 1994 yẹn kan náà ni àwo orin àkọ́kọ́ ọmọ yẹn jáde. R. Kelly ló ṣe é ní sítúdíò, òun ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin ibẹ̀, orúkọ tí wọ́n sì fún àwo náà ni pé ọjọ́ orí ò ju nọ́ńbà lásán lọ. Ẹ wo nǹkan! Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí àwo, wọ́n tà á fún gbogbo ayé, àwa náà sì rà á. Níbo gan-an lakọ̀wé yín fẹ́ kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya orin kúrò lára olórin nínú ìyẹn?

Ẹ̀sùn tó wúwo jù tí wọ́n fi dá a lẹ́bi lóṣù kẹsàn-án ọdún 2021, abẹ́ òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1970 láti fi mú àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn ló bọ́ sí, irú èyí tí wọ́n fi ń mú àwọn ọ̀gá jàǹdùkú. Ìdí tí wọ́n fi lò ó fún olórin ni pé kì í ṣe òun nìkan. Mánéjà wà níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, dírẹ́bà wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n kàn ń rán níṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta orin ẹ̀ ni wọ́n tún ń bá a wá ọmọdébìnrin. Tó bá kọrin tán, wọ́n á pe àwọn ọmọ wá sẹ́yìn ìtàgé. Àwọn míì nínú wọn fẹ́ di olórin, wọ́n rò pé á gbé wọn dé sítúdíò. Ẹ gbà mí o, ọmọ ọlọ́mọ wo ló máa wọ yàrá ẹni tí ò mọ̀ rí tí kì í bá ṣe pé gbogbo ayé ti ń pariwo orúkọ onítọ̀hún? Orin ni ìdẹ. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀" nìyẹn, àwa là ń bá a ya iṣẹ́ sọ́tọ̀, òun alára ò yà á sọ́tọ̀ rí, orin yẹn ló fi ń ṣílẹ̀kùn, orin yẹn ló fi ń pa ẹnu mọ́, owó orin yẹn ló fi ń sanwó fún lọ́yà.

Ọdún 30 ni wọ́n jù ú sí ní New York lọ́dún 2022, Chicago náà tún fi ogún ọdún lé e lọ́dún 2023, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ìkejì yìí ló máa bá ti àkọ́kọ́ rìn pọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣojú mi. Níbi ìgbéyàwó kan, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ní kí n gbé ọ̀kan nínú àwọn orin ìfẹ́ ẹ̀ sí i, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀, mo sì gbé e sí i. Orin ò tíì dé ibi ègbè tí obìnrin kan fi dìde nídìí tábìlì tó jókòó sí, ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń jó kọjá, ó wá bá mi lẹ́yìn ẹ̀rọ. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa orin yìí." Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó di etí tábìlì mi mú gírígírí bí ẹni pé ilẹ̀ fẹ́ yẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Mi ò bi í ní nǹkan kan, mo fi òmíì rọ́pò ẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé kí ló dé, DJ kí ló dé, mo ní ẹ̀rọ ló ń ṣe ségesège. Obìnrin yẹn kí mi, ó padà síjòókòó. Mi ò mọ ìtàn ẹ̀, kò sì yẹ kí n mọ̀ ọ́n.

Akọ̀wé yín á ní obìnrin kan ṣoṣo nìyẹn. Lọ́dún 2024, UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, gbé ìṣirò kan jáde pé àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin tó wà láyé báyìí tí wọ́n ti fipá bá sùn tàbí tí wọ́n ti fọwọ́ ìṣekúṣe kàn kí wọ́n tó pé ọdún 18, wọ́n ju mílíọ̀nù 370 lọ, ìyẹn ọ̀kan nínú mẹ́jọ. Ká ní obìnrin 40 wà lágbo ijó, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. A ò sì tíì mẹ́nu kan àwọn ọkùnrin tó ṣẹlẹ̀ sí, tí wọn kì í fẹ́ẹ́ sọ ọ́ jáde rárá. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Gbogbo àwọn tó ń sọ pé ká ya orin sọ́tọ̀, mo ti kíyè sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn tí nǹkan ọ̀hún ò kàn rí ni.

Ibi tí mo wá fẹ́ ká fọkàn sí ni pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kéèyàn gbọ́ orin àti kéèyàn gbé orin sáàárín ẹgbẹ́. Tó o bá wà ní yàrá ẹ, tó o fi íapíìsì sétí, tó ò ń gbọ́ ohun tó wù ẹ́, ìwọ àti ẹ̀rí ọkàn ẹ lẹ jọ máa yanjú ẹ̀, mi ò ní wá yẹ fóònù ẹ wò. Mo mọ ẹni tó jẹ́ pé orin olórin kan ni wọ́n gbé sí i lọ́jọ́ tó pàdé ìyàwó ẹ̀, kí n wá ní kó lọ fọ ọpọlọ ẹ̀ mọ́? Kò ṣeé ṣe. Àmọ́ lágbo ijó, ẹnikẹ́ni ò lè di etí. Lórí rédíò, nínú pápá ìṣeré, nínú fíìmù, ẹni tó gbé e sí i ti bá gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ yàn án, ó sì ti bu ọlá fún ẹni tó kọ ọ́, ì báà mọ̀ ọ́n lọ́lá, ì báà má mọ̀ ọ́n. Ẹ wo Gary Glitter, olórin ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orin ẹ̀ kan wà tí àwọn pápá ìṣeré ní Amẹ́ríkà fi ń jí àwọn òǹwòran lójú oorun, gbogbo èèyàn á máa pàtẹ́wọ́ á máa ké "hẹ́ẹ̀yì". Lọ́dún 2006 kọ́ọ̀tù ní Vietnam dá a lẹ́bi pé ó bá ọmọdébìnrin méjì ṣe ìṣekúṣe, ni àjọ NFL tó ń darí bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà bá sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n yé gbé e sí i. Wọn ò ní kẹ́nikẹ́ni má gbọ́ ọ nílé o. Wọ́n kàn ní kì í ṣe orúkọ tiwa lẹ máa fi pa á láṣẹ fún gbogbo èèyàn. Èyí yé mi dáadáa, èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ DJ.

Ọ̀rọ̀ ọlá yìí ló tún mú mi rántí Roman Polanski tó máa ń darí fíìmù. Lọ́dún 1977 ló gbà ní kọ́ọ̀tù ní California pé òun bá ọmọ ọdún 13 lò pọ̀, kí adájọ́ tó sọ iye ọdún tó máa lò lẹ́wọ̀n, ó ti sá lọ sí ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1978. Lọ́dún 2003 wọ́n fún un ní Oscar, àmì ẹ̀yẹ ńlá ti fíìmù ní Amẹ́ríkà, pé òun ni olùdarí tó dára jù. Kò lè wá gbà á, torí tó bá dé ọlọ́pàá á mú un, síbẹ̀ àwọn ọ̀pọ̀ èèyàn ńlá ńlá inú gbọ̀ngàn yẹn dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Fún ta ni? Ṣé fíìmù ló máa gbọ́ àtẹ́wọ́ ni? Ọdún 2018 ni àwọn tó fún un ní Oscar ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lé e kúrò lẹ́gbẹ́. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní 2018 tí wọn ò rí ní 2003, ìwé kọ́ọ̀tù yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Ó dáa, àwọn tí wọ́n kàn fẹ̀sùn kàn ńkọ́, tí wọn ò tíì dá lẹ́bi? Ibí yìí ni mo ti gbà fún akọ̀wé yín díẹ̀. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, òṣìkà èèyàn ni, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Mi ò ní ka Michael Jackson mọ́ R. Kelly. Ẹ̀sùn tí wọ́n kọ́kọ́ fi kàn án lọ́dún 1993, owó ni wọ́n fi yanjú ẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e, nígbà tí wọ́n sì gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù lọ́dún 2005, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ní kò jẹ̀bi ẹyọ kan nínú gbogbo ẹ̀sùn náà. Ó kú ní 2009. Lọ́dún 2019, ọkùnrin méjì wá sọ ọ́ nínú fíìmù pé ó bá àwọn ṣe ìṣekúṣe nígbà táwọn wà lọ́mọdé, ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹ́rìí gbè é ní 2005, àwọn tó ń bójú tó ogún ẹ̀ ní irọ́ ni. Ẹni tó ti kú ò lè dáhùn, ẹni tó ní wọ́n ṣe é ò sì lè gbé e lọ sẹ́wọ̀n. Tí ẹ bá ní kí n búra lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní búra.

Àmọ́ ẹ má ṣe wá sọ fún mi pé tí kọ́ọ̀tù bá ti ní kò jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ bùṣe. Lọ́dún 2008, R. Kelly yìí kan náà jẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn 14 ní Chicago, nítorí fídíò kan tí wọ́n ní ó ti ń bá ọmọdébìnrin lò pọ̀, wọ́n dá a sílẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n ní ó wà nínú fídíò yẹn ò wá jẹ́rìí. Àwa DJ padà sídìí iṣẹ́, orin ń lọ, ijó ń lọ. Ọdún 14 lẹ́yìn ìgbà náà, lọ́dún 2022, ọmọ yẹn ti di àgbàlagbà, ó wá jókòó níwájú kọ́ọ̀tù ní Chicago, ó ní èmi ni mo wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 14 ni mí. Bí ọ̀rọ̀ ọmọdé ṣe máa ń rí nìyẹn. Wọ́n ti halẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ti fowó pa ẹnu àwọn ará ilé mọ́, òun fúnra ẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ohun tí wọ́n ṣe sí òun lórúkọ, á pẹ́ kó tó sọ ọ́. Ẹni tó bá ń bi wọ́n pé kí ló dé tẹ́ ò tètè sọ, kó lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwọn tó tètè sọ ọ́.

Torí náà, tó bá jẹ́ ẹ̀sùn lásán ló ṣì jẹ́, orin kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ máa jà lé lórí. Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná ká tó wá fàbọ̀ bá adìyẹ. Ẹ má ṣe fi onítọ̀hún ṣe adájọ́ ìdíje orin àwọn ọmọdé, ẹ má pè é wá sílé ìwé wá gbàmì ẹ̀yẹ, ẹ má jẹ́ kí òun àti ọmọ kankan nìkan wà ní sítúdíò. Èyí ò ní kẹ́nikẹ́ni kọ́kọ́ dá a lẹ́bi. Tó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn, ohun tó pàdánù ò ju àǹfààní pé kó dá wà pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ lọ, èmi ò sì mọ olórin tí ìyẹn máa pa iṣẹ́ ẹ̀ run.

Owó ńkọ́? Àwọn kan máa ń sọ pé tá a bá gbọ́ ọ, owó ń wọ àpò ẹ̀, èmi náà ti máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn oníbàárà, torí ó tètè máa ń yé wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ò rọrùn bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2023 adájọ́ ní New York pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ orin kan kó owó orin R. Kelly tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, ó ju ìlàjì mílíọ̀nù dọ́là lọ, kí wọ́n fi san owó ìtanràn àti owó tí wọ́n ní kó san fún àwọn tó hùwà ìkà sí. Ṣé ká wá sọ pé báyìí tí owó ẹ̀ ti ń lọ síbi tó dáa, ká tún máa gbé e sí i? Gary Glitter náà, nígbà tí fíìmù ńlá kan lo orin ẹ̀ lọ́dún 2019, ariwo ta pé wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sí i lẹ́wọ̀n, nítorí ẹ̀wọ̀n ọdún 16 tí wọ́n jù ú sí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2015 lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé ló ṣì wà nígbà náà, àwọn tó ni ẹ̀tọ́ orin náà wá jáde pé kọ́bọ̀ ò dé ọwọ́ ẹ̀, ó ti ta ẹ̀tọ́ ẹ̀ tipẹ́. Ṣé ìyẹn wá tu ẹnikẹ́ni lára? Mo tún mọ̀ pé àwọn tó fọn fèrè, tó ta gìtá, tó bá a gbè, wọ́n ń jẹ díẹ̀ níbẹ̀, wọn ò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Owó kì í ṣe ìdí ọ̀rọ̀. Obìnrin tó di etí tábìlì mi mú yẹn, kò béèrè owó lọ́wọ́ mi.

Ibi tí mo ti ń rò ó jù ni ti àwọn tó ti kú. Oníṣẹ́ ọnà kan wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Eric Gill, 1940 ló kú, ó gbẹ́ ère, ó sì ya lẹ́tà ìtẹ̀wé kan tí wọ́n ń pè ní Gill Sans tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ nínú yín báyìí. Lọ́dún 1989 ni ẹnì kan tó kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀ jẹ́ kí aráyé mọ ohun tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tiẹ̀ fúnra ẹ̀, pé ó ń bá àwọn ọmọ bíbí inú ẹ̀ lò pọ̀. Òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ o. Ère kan tó gbẹ́ wà lára ilé BBC ní London, àgbàlagbà kan dúró, ọmọdékùnrin tó wà ní ìhòòhò wà níwájú ẹ̀. Lóṣù kìíní ọdún 2022 ọkùnrin kan gbé àkàbà tì í, ó gùn ún lọ sókè, ó ń fi òòlù fọ́ ọ fún wákàtí mélòó kan, àwọn èèyàn dúró nísàlẹ̀ wọ́n ń fi fóònù ya fídíò, lọ́dún tó tẹ̀lé e wọ́n tún fọ́ ọ. Èmi ò fọwọ́ sí òòlù. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi mí, lẹ́tà "a" tó yà ò rán ẹnikẹ́ni létí ọmọ, ère ọmọ ìhòòhò níwájú àgbàlagbà ń rán wọn létí, kì í ṣe nǹkan kan náà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni orin tí olórin kan kọ nípa òjò àti orin tó kọ nípa pé ọjọ́ orí kì í ṣe nǹkan ò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Inú abúlé tí Gill gbé rí, Ditchling, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan wà níbẹ̀, lọ́dún 2017 wọ́n pàtẹ àwọn iṣẹ́ ẹ̀, wọn ò fi nǹkan tó ṣe pa mọ́, òun gan-an ni wọ́n fi ṣe ìbéèrè fún àwọn tó wá wò ó. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn ju kí wọ́n kó o pa mọ́ lọ.

Èyí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin fúnra yín, Olóòtú. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé nípa irú àwọn olórin bẹ́ẹ̀ lójú ìwé olórin àti òṣèré yín, ẹ máa ń kọ àmì ẹ̀yẹ tó gbà, iye àwo tó tà, obìnrin tó fẹ́, ìgbà tẹ́ ẹ bá wá dé ìlà tó gbẹ̀yìn lẹ máa ń fi kún un pé "ó ń ṣẹ̀wọ̀n lọ́wọ́". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá sókè, ìlà kejì, kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ orúkọ náà mọ ẹni tó ń kà nípa ẹ̀ kó tó lọ wá orin náà. Kẹ́ ẹ sì yé lo àwòrán ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín múṣẹ́múṣẹ́ yẹn.

Ní tèmi, mo ti fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù tí àwọn oníbàárà máa ń kọ kí n tó wá ṣeré fún wọn, pé àwọn olórin tí kọ́ọ̀tù ti dá lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé, mi ò ní gbé orin wọn sí i ní gbangba. Ìyàwó kan kà á, ó ní orin tó fẹ́ fi wọlé gan-an nìyẹn, kò ní gbà, ó lọ gbé iṣẹ́ náà fún DJ míì. Kò sí ìjà níbẹ̀. Àwọn yòókù, ọ̀pọ̀ wọn kì í tiẹ̀ béèrè, mò ń gbé òmíì sí i, wọ́n sì ń jó o.

Èmi ni, DJ kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.